Òkìtì Mẹ́tàlélógójì

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026

Ọyẹ́ ti là mí létè. Òrí ni mo fi ń pa á láti àná.

Ìròyìn ibi iṣẹ́: ẹ̀rọ kan ń bọ̀ wá wọ sítọ̀ wa, òun ni yóò máa ka ẹrù fún wa. Ọ̀gá Dàpọ̀, máníjà, ló pe gbogbo wa jọ láàárọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wo aago. Kíá-kíá ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kò sì gbọdọ̀ mọ̀ láéláé. Ó ní Ramadan kò ju oṣù kan lé díẹ̀ lọ mọ́, ìlú Ìlọrin yóò ra bùtà àlùwàlá, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bùtà kò sì gbọdọ̀ máa sáré wá kóró rọ́bà tí a ń yọ́ ṣe é kiri nígbà tí oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà yóò mọ iye àpò kóró tó wà nílẹ̀. Yóò mọ èyí tó jáde. Bó bá rí i pé ó fẹ́ tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ̀wé sí àwọn tó ń tà á fún wa.

Bàbá Sàlíhù, olórí sítọ̀, dúró lẹ́yìn pátápátá, ó ń run orín rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò nídìí ẹrù yìí. Èmi, oṣù kẹta mi rèé. Ẹ̀ka ìdìpọ̀ ni mo wà tẹ́lẹ̀, láàárín àwọn obìnrin tó ń di bùtà mẹ́fà-mẹ́fà sínú ọ̀rá. Wọ́n ṣì ń dán mi wò ní sítọ̀ títí di ìparí oṣù Ẹrẹ́nà. Bí mo bá yege, mo di ọmọ sítọ̀ gidi. Bí n kò bá yege, mo padà sídìí ọ̀rá nìyẹn.

Ẹ̀yìn mi kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rá mọ́.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ọkùnrin tó ń to ẹ̀rọ náà ti dé. Abdulfattah lorúkọ rẹ̀. Wáyà ní etí, wáyà lọ́rùn, wáyà nínú àpò — nítorí náà, Wáyà. Ọmọ Pàkátà nílùú yìí ni, ṣùgbọ́n Èkó ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ń pè mí ní Mummy. Mo ní kó má pè mí ní Mummy, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Ayọ̀mípọ̀sí sì ni, kì í ṣe òun. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mummy."

Ó mú ohun kan jáde bí ìbọn ìṣeré, iná pupa lẹ́nu rẹ̀. Bí àpò bá ti ń jáde kúrò ní sítọ̀, wọ́n á tan iná yẹn sí ìlà dúdú-dúdú tó wà lára rẹ̀, á ké "pí," ọ̀kan á sì dín nínú kọ̀ǹpútà. Mo sọ ọ́ ní Olójú Pupa. Bàbá Sàlíhù wò ó yí ká, ó bèèrè bóyá ó máa ń mu kókó láàárọ̀. Wáyà ní rárá. Bàbá ní ó dáa, àwa á máa bá a mu tirẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Kíá-kíá gba búùkù tí Bàbá fi ń kọ iye ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní a kò lè máa sin ọ̀gá méjì. Bàbá fi etí agbádá rẹ̀ nu eruku ara búùkù náà kó tó fà á lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n àárẹ̀ tó dùn ni.

Kí Olójú Pupa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ mọ iye àpò tó wà nílẹ̀, iná rẹ̀ kò sì lè wọ àárín òkìtì. Ènìyàn ló máa kà á. Wáyà gbé fóònù ńlá kan lé mi lọ́wọ́. Ètò wa: Bàbá wọ ẹ̀yìn òkìtì, ó ń fọwọ́ kan àpò, ó ń pe iye. Èmi wà níwájú. Bó bá ti pe iye kan, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Pí. Bó bá kan òkìtì mìíràn, mo tẹ "òkìtì tuntun" lórí fóònù, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òkìtì mẹ́tàlélógójì ni, kò sí méjì tó dọ́gba, nítorí àwọn tó ń já ẹrù kì í kà á, títò ni wọ́n ń tò ó. Òmíràn mẹ́jọ, òmíràn méjìlá.

Kò sí òkìtì tí Bàbá kò ṣe Bísímílà sí kó tó máa kà á. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ dúḿbú àwọn àpò yìí ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí a kò bá fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀, ìrù rẹ̀ máa ń gé.

Àpapọ̀: 387. Bàbá ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní ó dáa.

Wáyà bọ̀ wá lọ́wọ́ bí ẹni pé a wọlé ìbò. Mo gbé eruku délé, Bàbá Ayọ̀ ní kí n kọ́kọ́ wẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ìkòkò.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Olójú Pupa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àpò mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló jáde lọ sídìí àwọn ẹ̀rọ, pí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Kò sí ariwo "mo gba mẹ́ta, o kọ mẹ́rin." Bàbá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tó máa gbé ara rẹ̀ sí. Nígbà tó yá, ó ń gbá ilẹ̀ sítọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo dé ilé wa ní Basin kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá Ayọ̀ rí mi, ó bèèrè bóyá wọ́n ti lé mi níṣẹ́ ni. Mo se ẹ̀kọ, mo dín àkàrà, a jókòó síta, atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ sí wa lẹ́sẹ̀. Ayọ̀ ka ìwé rẹ̀ sí mi létí, mo gbọ́ ọ dópin, n kò sùn lọ. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe irú èyí fún ènìyàn, kó máa bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo lá àlá pé mo ń tẹ̀ ẹ́. Pí, pí, pí. Bàbá Ayọ̀ ló jí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti ránṣẹ́ ra kóró rọ́bà lánàá. Àpò ti wọ abẹ́ ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀, bí Wáyà sì ṣe tò ó nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Kíá-kíá fi ẹsẹ̀ jó díẹ̀ níwájú wa, èyí tí n kò rí rí.

Bàbá Sàlíhù wo inú sítọ̀ títí. Ó ní, "Ó ṣì pọ̀ lójú mi." Wáyà dá a lóhùn pé ojú kì í ka nǹkan, Bàbá. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó wá bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Èrèlé

Tírélà kóró tuntun dé ní aago mẹ́sàn-án. Kí wọ́n tó já a, Wáyà ní kí a ka èyí tó kù nílẹ̀, kí tuntun má bàa dà pọ̀ mọ́ àtijọ́. Kọ̀ǹpútà ní 39. Òun àti Kíá-kíá kà á. 82. Wọ́n tún un kà. 82. Ìgbà kẹta, Kíá-kíá bọ́ kóòtù rẹ̀, ó kà á fúnra rẹ̀. 82.

Mẹ́tàlélógójì ló fi lé.

N kò mọ̀ rí pé ẹrù tó lé máa ń di ẹ̀sùn. Mo ti ń rẹ́rìn-ín pé Ọlọ́run bù kún wa ni, àfi bí ojú Kíá-kíá ṣe yí padà. Ó ní olè tó gbọ́n kì í kó ẹrù tó wà nínú ìwé. Ó máa kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Àpò mẹ́tàlélógójì tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀, bó bá gba ẹ̀yìn jáde, ta ni yóò wá a? Ta ló sì pe iye lọ́jọ́ yẹn?

Ó yíjú sí mi. Ó ní ṣé ohun tí Bàbá pè gẹ́lẹ́ ni mo tẹ̀? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò fo nǹkan kan."

Bàbá ní, "Wálàhí, mo pè é pé." Ó ń wò mí, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe fún un. Ohun tí mo gbọ́ ni mo tẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Èrèlé

Wọ́n ní kí Bàbá lọ sinmi nílé títí Alhaja tó ni ilé iṣẹ́ yóò fi sọ̀rọ̀. Ìsinmi lórúkọ tí wọ́n fún un. Ní géètì, ọlọ́dẹ ní kó ṣí báàgì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí. Àsìkò ìsinmi ọ̀sán ni, gbogbo wa ló wà níta. Ẹní ìkírun. Orín. Fìlà kan. Ó kó wọn padà síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kí ọlọ́dẹ pé ó kú iṣẹ́.

Kíá-kíá kó kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní bí mo bá gbé Ramadan yìí já, kò tún sí ìdánwò mọ́ — olórí sítọ̀ ni mí. Èmi. Tẹniọlá ìdìpọ̀.

Ọjọ́rú, 4 oṣù Èrèlé

Inú mi ń dùn. Ojú sì ń tì mí pé ó ń dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Èrèlé

Iṣẹ́ ń lọ geere. Bùtà aláwọ̀ ewé nìkan, ọkọ̀ méjì ló kó o jáde lónìí. Ní ìdí oúnjẹ ọ̀sán, àwọn obìnrin ìdìpọ̀ ń sọ pé ẹni tó bá wà nídìí ẹrù fún ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kò lè mọ́. Ọ̀kan ní òun ti fura tipẹ́. Irọ́ ni, kò fura sí nǹkan kan. N kò sì sọ pé irọ́ ni.

N óò lọ kí i lọ́la. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù Èrèlé

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Post Office, mo wọ òmíràn dé Ọjà-Ọba, mo fẹsẹ̀ rìn wọ agbo ilé wọn. Mo ra ọsàn dání. Bàbá wà nínú ilé, ó ń kírun Àsárì. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Hamzah, jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú igbá ẹ̀wà àti kóńgò. Ó kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, bí ẹni pé kì í ṣe àpò mi ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ rẹ̀ wà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n ní kó wọn ẹ̀wà kóńgò márùn-ún fún mi, kí n lè rí nǹkan ṣe.

Ó ń wọ̀n ọ́n, ojú mi wà lára àwọn ọmọ tó ń kọrin kéú ní ìta, etí mi ló bá mi kà á. "Bísímílà... èjì... ẹ̀ta... ẹ̀rin... àrún." Ó di ẹnu àpò.

Mo ní, "Ìyá, ó ku ọ̀kan."

Ó ní kò kù. Mo ní mẹ́rin ni mo gbọ́. Kò bínú, ó da gbogbo ẹ̀wà náà padà sínú igbá, ó tún un wọ̀n níṣojú mi. Ó bu kóńgò àkọ́kọ́, ó dà á sínú àpò, ó ní, "Bísímílà." Ó bu ìkejì, ó ní, "Èjì."

Mo bi í pé ọ̀kan ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni ń wo àlejò. Ó ní, "Bísímílà ni ọ̀kan, ọmọ mi. Ọlọ́run nìkan ló ń jẹ́ Ọ̀kan. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń kà á nìyẹn, bí ọkọ mi náà ṣe ń kà á nìyẹn."

Òkìtì mẹ́tàlélógójì. Bísímílà mẹ́tàlélógójì. Mo rò pé àdúrà ni, n kò tẹ̀ ẹ́. Ní orí òkìtì kọ̀ọ̀kan, Bàbá pe àpò àkọ́kọ́ sí mi létí ketekete, èmi dúró, mo ń retí kó bẹ̀rẹ̀. Láti orí èjì ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ ni mo ń tẹ̀lé, n kò fiyè sí iye tó ń pè.

Bàbá jáde, ó ń wúre fún mi pé mo wá. Mo gba àlùbáríkà rẹ̀, mo gbé ẹ̀wà, mo sá lọ. N kò sọ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Èrèlé

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Èrèlé

Mo wọlé sítọ̀ láti lọ sọ ọ́. N kò sọ ọ́. Mo ní tó bá di ọ̀sán. Ọ̀sán tó, mo ní Kíá-kíá ń bínú sí ẹlòmíràn, kí n má fi tèmi kún un. Bó ṣe di aago márùn-ún nìyẹn.

Ká sọ òtítọ́: kì í ṣe ìbínú Kíá-kíá ni mo ń sá fún. Mo fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yìí. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Èrèlé

Mo sọ fún Bàbá Ayọ̀. Ó jẹ ẹ̀wà inú àwo rẹ̀ tán kó tó fèsì — ẹ̀wà yẹn náà ni. Ó ní tí wọ́n bá dá mi padà sí ìdìpọ̀, òun á máa fi àbóníkí ra ẹ̀yìn fún mi lálaalẹ́. Ó ní ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, òun kò mọ ohun tí a máa ń fi ra irú ìyẹn. Mo bú u pé ẹnu rẹ̀ ti ń dùn jù. Mo sunkún díẹ̀, mo sì sùn.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Èrèlé

Mo ti sọ ọ́.

Mo wọ ọ́fíìsì Kíá-kíá kí n tó gbé báàgì mi kalẹ̀, nítorí mo mọ ara mi. Mo ní, sà, Bàbá kò ka ẹrù dín, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ dín. Mo ṣàlàyé Bísímílà. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó pe Wáyà.

Wáyà gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó ní ìyá ìyá òun ní Pàkátà náà, bó ṣe ń kà á nìyẹn, òun ti gbàgbé pátápátá. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wo iye ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ òkìtì tuntun lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́tàlélógójì. Kò sí ẹni tó wo ibẹ̀ rí, àpapọ̀ nìkan ni gbogbo wa ń wò.

Mo ń retí ìbínú. Kíá-kíá jókòó, kò wo aago. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, èmi náà kì í ṣe ọmọ Ìlọrin. Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, mi ò ní tẹ̀ ẹ́." Ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n tú báàgì rẹ̀."

Ó pe Alhaja lórí fóònù. Ìdájọ́: kí Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kí n kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kí ìdánwò mi tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Bàbá. Wọn kò dá mi padà sí ìdìpọ̀. Mo kó kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì, ara mi sì fúyẹ́ débi pé ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Èrèlé

Kíá-kíá àti èmi lọ sí Ọjà-Ọba. Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní, mo sọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí tèsùbáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe Ìyá Hamzah pé kó wá gbọ́, pé Bísímílà òun ni wọ́n fi mú òun. Ó ní òun mọ̀ lọ́kàn òun lọ́jọ́ yẹn pé ó yẹ kó ju 387 lọ, ṣùgbọ́n òun rò pé ọjọ́ ogbó ló dé.

Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, ní mọ́sáláásí, ẹni tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun láti ọdún pípẹ́ ti lọ ń dúró ní ìlà kejì. Kò fi ohùn líle sọ ọ́. Kíá-kíá bẹ̀bẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ yóò fún un ní lẹ́tà. Bàbá ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú àpòòwé kò lè rìn dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti rìn dé. "Ojú gbogbo ayé lẹ ti tú báàgì mi. Kí wọ́n ka lẹ́tà náà níbẹ̀. Kí Tẹniọlá kà á."

Mo ní mo gbọ́, Bàbá.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Èrèlé

Ó ti tán. Kí n kọ ọ́ kí n má bàa gbàgbé.

Aago méjìlá ku díẹ̀. Bàbá dé pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀, funfun, líle bíi páálí. Wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí iwájú géètì — ìdìpọ̀, awakọ̀, ọlọ́dẹ. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ nìkan ni kò lè kúrò, wọ́n yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn ńlá. Ẹ̀rọ ń ké lẹ́yìn wọn. Mo ka lẹ́tà náà. Mo kà á kíá-kíá bí ọ̀gá mi.

Mo parí. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tún un kà. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."

Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ nínú ariwo ẹ̀rọ yẹn. Mo wo Kíá-kíá. Ramadan ku bí ọjọ́ márùn-ún. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, n kò rí kí wọ́n pa ẹ̀rọ wọ̀nyẹn lọ́sàn-án rí, àfi bí iná bá lọ. Ó yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ pa á." Wọ́n rò pé àwọn kò gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Gbogbo rẹ̀. Ẹ pa á."

Ẹ̀rọ kan dákẹ́, òmíràn tẹ̀lé e, ìkẹta. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ lè parọ́rọ́ tó bẹ́ẹ̀. A ń gbọ́ àwọn ẹyẹ orí páànù. Àwọn ará ìdí ẹ̀rọ jáde, wọ́n ń nu òógùn. Mo tún un kà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Pé àpò kankan kò sọnù. Pé Bàbá Sàlíhù ka ẹrù pé pérépéré. Pé èmi, Tẹniọlá, ni mo ṣì í tẹ̀, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀kan níbi tí mo wá ṣiṣẹ́ sí. Obìnrin ìdìpọ̀ tó ní òun ti fura tipẹ́ ń wo ilẹ̀. Ọlọ́dẹ bọ́ fìlà rẹ̀.

Bàbá wá síwájú, ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì tì í bọ àpò àyà. Mo rò pé ó fẹ́ wúre fún mi. Ó ní, "Ìyá Hamzah kò mọ̀wé kà. Wà á wá kà á fún òun náà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọ̀la ni.